Ọwọ́ Tipaya Lára Gíláàsì

Àwọn obìnrin Yendi, ní òkè ọya ilẹ̀ Gánà, ti sọ Tipaya di orin. Bí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń po òrí, wọ́n á máa kọ ọ́ lórin pé ìyàwó rere ni, pé ìfẹ́ ọkọ ló pa á. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ. Ìfẹ́ kọ́ ló pa á. Gíláàsì fèrèsé ló pa á, òun àti ìtìjú, òun àti ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí pé èmi ni mò ń de gíláàsì mọ́tò ní gáréèjì Yendi. Bàbá mi tó wá láti Ẹ̀jìgbò ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi, ìdí rẹ̀ ni mo sì ti hu ewú.

Nantogma lorúkọ ọkọ Tipaya. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Ó ń wa Lánróófà tó ń kó èrò láti Yendi lọ sí Tamale, mọ́tò tó dàgbà ju àwọn ọmọ wa lọ. Gíláàsì pẹlẹbẹ méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún ẹni tó jókòó tì í, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì pààlà sáàárín wọn.

Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí ọ̀nà Tamale, taàrá ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mọ́tò méjì bá pàdé, òkúta á máa ta. Kò sí ẹni tó ń jókòó níwájú mọ́tò tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: bí o bá ti rí mọ́tò tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wàá na àtẹ́lẹwọ́, wàá fi tẹ gíláàsì títí onítọ̀hún á fi kọjá. Wọ́n ní ọwọ́ èèyàn máa ń gba agbára òkúta, gíláàsì kò ní fọ́. Lèmọ́mù ń ṣe é, ọlọ́pàá ń ṣe é, ìyàwó ọba tí kì í fúnra rẹ̀ bu omi mu náà ń ṣe é. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí pé ọwọ́ kò dí òkúta lọ́wọ́, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí gíláàsì òun fọ́, kó rọra máa sáré, kó sì jìnnà sí mọ́tò tó wà níwájú. Wọ́n á ní Yàrìbá, bí wọ́n ṣe ń pe èmi ọmọ Yorùbá, fẹ́ kí àwọn gbé ọwọ́ kúrò kó lè rí gíláàsì tà.

Láti ìgbà ìyàwó ni Tipaya ti ń jókòó sí iwájú yẹn. Òrí ló ń tà. Gbogbo ọjọ́ ọjà Tamale, òun àti igbá òrí rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì lẹ́nu. Bí Nantogma bá ki eré bọ mọ́tò, á ní, "Bàbá Sanatu, bí o bá fẹ́ pa mí, ṣé o ò kúkú lè rọra pa mí sílé ni?" Àwọn èrò ẹ̀yìn á bú sẹ́rìn-ín. Sanatu lọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó ti lọ sílé ọkọ ní Kumasi.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, Nantogma wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní gíláàsì òun ń ṣú. Mo ní ọyẹ́ ni, ta ni kò ṣú fún? Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ó tún padà wá. Ó ti fi eérú fọ gíláàsì náà, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó ti fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ní ìlà lára. Mo gun mọ́tò, mo jókòó sí àyè rẹ̀, mo wo iwájú. Mo rí ọ̀nà títí dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, mo rí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan tó ṣe gíláàsì yìí ju ìlà tí ìwọ fúnra rẹ fi iyanrìn fà sí i lára lọ. Ló bá ní àlòkù ni mo tà fún òun. Lójú gbogbo gáréèjì, ọ̀rẹ́ mi pè mí lólè. Mo ní kó lọ ra tuntun. Ó ta màlúù kan, ó ránṣẹ́ sí Kumasi, gíláàsì tuntun méjì sì dé nínú koríko gbígbẹ.

Gíláàsì rere ni. Gíláàsì tínínrín méjì ni wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá tínínrín kan ló sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ láàárín. Bí òkúta bá bà á, á sán bí òwú aláǹtakùn, ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn á dì í mú, kò ní já lu ẹni tó jókòó. Mo ti okùn bọ inú rọ́bà rẹ̀ yíká. Nantogma dúró níta, ó ń fi àyà tì í, èmi wà nínú, mò ń fa okùn náà díẹ̀díẹ̀, ètè rọ́bà ń gun irin, títí gíláàsì kọ̀ọ̀kan fi jókòó sáyè rẹ̀. Nantogma wọlé, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó wo iwájú. 

Ó ní, "Èéfín wà nínú eléyìí náà."

Tipaya dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ru igbá. Ó wò mí, mo wò ó. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó wo ojú ọ̀rẹ́ mi dáadáa. Ẹyinjú rẹ̀ ti ń funfun láti àárín wá, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Ilẹ̀ mọ́, obìnrin náà nìkan wá bá mi. Ó béèrè bóyá irú gíláàsì kan wà tó máa ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ èèyàn. Mo ní kò sí, ojú ni. Mo ní kó mú un lọ sí Tamale, àwọn dókítà ojú ń wá síbẹ̀. Ó mi orí. Ó ní bí ojú bàbá Nantogma ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn tó máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú kiri láti abúlé dé abúlé ló gún un, wọ́n gba adìyẹ, wọ́n bá tiwọn lọ. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, ojú náà ti wú, ó sì fọ́ pátápátá. Nantogma ló ń di orí ọ̀pá bàbá rẹ̀ mú kiri títí bàbá fi kú. Ó ti búra pé irin kò ní kan ojú òun láéláé.

"Ó ṣì ń rí ohun tó bá wà nítòsí," ó ní. "Ó ń rí ọwọ́ mi."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi hàn mí. Àtẹ́lẹwọ́: mọ́tò ń bọ̀. Ìka kan: èèyàn tàbí ẹran wà létí ọ̀nà. Ẹ̀ṣẹ́: dúró. Bí ọwọ́ bá sì wà nílẹ̀ lórí itan: ọ̀nà mọ́, máa lọ. Ó ní òun kò sọ fún ọkọ òun pé òun fẹ́ máa ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ òun kò sì ní kí òun ṣe é. Ó ní bí òun ti máa ń fi ọwọ́ tẹ gíláàsì bíi ti gbogbo èèyàn, lọ́jọ́ kan òun rí i pé ìgbà tí òun gbé ọwọ́ ni Nantogma tó yà fún mọ́tò tó ń bọ̀, kì í ṣe ìgbà tó yẹ kó ti rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ọwọ́ tètè. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́ rí, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á sùn, wọ́n á jí, ọ̀rọ̀ náà á wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ó ní, "Iṣẹ́ mọ́tò nìkan ló mọ̀. Bí mo bá la ẹnu sọ ọ́, kí ló kù tí ó máa jẹ́?"

Mo bínú sí i, ẹ má jẹ́ kí n pa irọ́. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ló ń kún ẹ̀yìn mọ́tò yẹn, ọmọ tèmi wà lára wọn. Mo ní, "Ìyàwó wa, ọwọ́ kì í ṣe ojú." Ó ní òun mọ̀. Ó ní kí n fún òun láyè díẹ̀, òun ń dọ́gbọ́n mú ọ̀rọ̀ dókítà wọ̀ ọ́ létí, ó ti fẹ́ máa rọ̀. N kò fún un láyè. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti wà níwájú alága ẹgbẹ́ awakọ̀.

Alága pe Nantogma jáde lójú gbogbo wa, ó ní kó wa mọ́tò dé ìkóríta, kó sì padà. Nantogma gun mọ́tò. Tipaya náà gùn ún tẹ̀lé e, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ dán ọkọ òun wò, kí wọ́n dán òun náà wò, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbó sínú ẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mọ́tò lọ, mọ́tò bọ̀, kò tilẹ̀ wọ kòtò kan. Alága bá kọjú sí mi, ó ní, "Yàrìbá, o ti ta gíláàsì tán, ojú ló wá kù tí o fẹ́ máa tà." Olójú-títà ni wọ́n ń pè mí ní gáréèjì títí di òní. N kò jẹ́ kí ọmọ mi wọ mọ́tò náà mọ́, Nantogma kò sì kí mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ èéfín kò tán. Ẹnì kan ní Tamale sọ fún un pé ọ̀rá tó wà láàárín gíláàsì mi ló ń ṣú, pé gíláàsì ilé ló mọ́. Ohun tó wù ú gbọ́ ni. Ó ní kí wọ́n yọ méjèèjì dànù, kí káfíńtà tó ń ṣe fèrèsé gé gíláàsì fèrèsé sí i. Gíláàsì pẹlẹbẹ ni Lánróófà ń lò, kò ṣòro. Nígbà tí mo rí i, mo gbé ìjà wa tì, mo lọ bá a. Mo ní eléyìí, bí ó bá fọ́, ọ̀bẹ ni. Kò wo ojú mi. Ó ń fi inú àgbádá rẹ̀ nu gíláàsì náà. Ó ní, "Ó mọ́. Ó mọ́ ju tìrẹ lọ." Kò mọ́ lójú rẹ̀. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀, ìyàwó rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀ níbi tó dúró sí náà mọ̀.

Ọ̀dà wá dé. Wọ́n da títì láti Tamale bọ̀ díẹ̀díẹ̀, taàrá di ìtàn, gbogbo ayé sì gbé ọwọ́ kúrò lára gíláàsì. Tipaya nìkan ni kò gbé e kúrò. Ẹ wo ẹ̀rín. Wọ́n á ní, "Ìyá Sanatu, ọ̀dà kì í sọ òkò." Wọ́n á bi í bóyá mọ́tò náà máa ṣubú bí kò bá dì í mú. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kéékèèké á dúró sí etí títì, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ sí i bí mọ́tò rẹ̀ bá ń kọjá, wọ́n á sì máa fò sókè. Obìnrin tó lẹ́nu tó báyẹn, tó lè fi gbólóhùn kan dá gbogbo gáréèjì lóhùn, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó kàn máa ń ní ó ti mọ́ òun lára. Ó gbà kí wọ́n fi òun ṣe òmùgọ̀ kí wọ́n má bàa fi ọkọ òun ṣe afọ́jú. Ọkàn mi kì í gbà á bí mo bá rántí.

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ náà, ní ọ̀sán gangan. Azara tó ń ta wasawasa, oúnjẹ èlùbọ́ iṣu ibẹ̀, wà nínú mọ́tò, òun ló sọ fún mi, kì í sì í ṣe ẹni tó ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọjá ìlú Sang, wọ́n ń bọ̀ nílé. Típà kan tó ń kó taàrá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà mìíràn ń bọ̀ níwájú wọn, kò sì fi nǹkan bo ẹrù rẹ̀. Tipaya na àtẹ́lẹwọ́. Nantogma yà sí apá ọ̀tún dáadáa. Òkúta kan já bọ́ láti orí típà náà, ó ta lórí ọ̀dà, ó sì wá ba gíláàsì.

Àwọn tó ń kọrin máa ń ní ọwọ́ rẹ̀ ló gba òkúta náà tí kò fi ba ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ kò gba nǹkan kan. Gíláàsì fèrèsé náà já lulẹ̀ ní gígùngígùn, apá tí Tipaya fi ń tẹ̀ ẹ́ sì gba àárín rẹ̀ kọjá síta. Ó ya á láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ká ní gíláàsì tí mo dè ni, á sán lásán ni, wọn ì bá sì máa lọ.

Nantogma gbọ́ ìró, ó tẹ bíréèkì. Azara tú ìborùn rẹ̀, ó fi di apá náà, ó tún tú ti ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ kò dúró. Típà ti lọ, kò tilẹ̀ mọ̀. Títì náà dá páropáro, kò sì sí ẹlòmíràn nínú gbogbo wọn tó mọ mọ́tò wà. Wọ́n ní kí Nantogma tètè máa wà á lọ sílé ìwòsàn ní Yendi, kí ló ń dúró dè? Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, ó di irin rẹ̀ mú.

Ó ní, "N kò ríran."

Wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ló dẹ́rù bà á. Ó tún un sọ. "Ojú mi ti fọ́. Ó ti pẹ́. Òun ló ń wa mọ́tò."

 Azara ní ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún un, tó ń ka iye ìgbà tó ti gbé ọmọ rẹ̀ wọ mọ́tò náà. Òótọ́ lọkùnrin náà sọ. Ṣùgbọ́n Tipaya tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbé orí, ó ní kí wọ́n gbé òun sí àyè òun. Wọ́n gbé e sí àárín, Azara jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó di apá tó ya náà mú. Púpọ̀ nínú àwọn èrò kọ̀, wọn kò wọ̀ ọ́, wọ́n dúró sí etí títì. Nantogma jókòó sídìí ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Tipaya gbé ọwọ́ kejì sókè níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Sanatu, má bínú. Ọwọ́ òsì ni."

Wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí gíláàsì wà tẹ́lẹ̀ wọlé. Mọ́tò kan bọ̀, àtẹ́lẹwọ́ gòkè, Nantogma yà. Màlúù wà létí ọ̀nà, ìka kan gòkè. Azara ní ìgbà náà ni òun tó mọ ohun tí gbogbo ìlú fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè wò ó mọ́, òun dorí kodò, òun tẹ apá náà mọ́ra, òun ń ṣàdúà. Nígbà tó yá, ó rí i tí ọwọ́ òsì náà sọ̀ kalẹ̀ sórí itan. Ó rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Nantogma náà rí i tí ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà mọ́. Ó tẹ iná mọ́tò.

Láti ibẹ̀ dé Yendi, ọwọ́ náà kò gòkè mọ́, ọkùnrin náà kò sì dẹ eré. Àwọn tó pàdé rẹ̀ ló ń yà wọ inú koríko, tí wọ́n ń fun fèrè lé e lẹ́yìn. Oníkẹ̀kẹ́ kan fò sínú gọ́tà. Gbogbo gegele ojú títì ìlú ló mọ̀ lábẹ́ táyà rẹ̀, òun ló fi mọ ibi tó ti yẹ kó yà, ó sì dúró sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Azara ní inú Nantogma fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ó fi ọwọ́ kan èjìká ìyàwó rẹ̀.

"Tipaya, a ti dé," ó ní. "Ṣé o rí i bí ọ̀nà ṣe mọ́ fún wa?"

A sin ín lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ Nantogma, ó ti yẹ kí wọ́n ti gbà á tipẹ́. Nígbà tí Sanatu dé láti Kumasi, kò bẹ bàbá rẹ̀ rárá, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí Tamale ni. Nantogma kò janpata. Ó ní kí wọ́n gún un, kí wọ́n fọ́ ọ tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láàárọ̀, ilẹ̀ mọ́, wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó sì ríran. Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín gíláàsì mi. Iṣẹ́ àárọ̀ kan. Ẹkún tí n kò sun nígbà tí a ń sin ín, mo sun ún lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìjà wa. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wò mí, ó ní mo ti darúgbó. Mo ní òun náà ńkọ́. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ iṣu. Ó wá yọ fọ́tò kan jáde, fọ́tò ìgbéyàwó Tipaya, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì yọ mùkẹ̀mukẹ. Kò ní òmíràn.

Ó ní, "Ojú tí mo mọ̀ nìyí. Gbogbo ọdún tó kẹ́yìn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń rí. Ṣé ó ti hu ewú?"

Mo ní ó ti hu ewú, níwájú orí, níbi tí ìborùn kì í bò dé.

Ó béèrè bóyá ó sanra. Mo ní kò sanra, ó túbọ̀ gbẹ ni. Mo ní eyín rẹ̀ kan ti yọ lápá òsì, tí kì í jẹ́ kó rẹ́rìn-ín púpọ̀ mọ́ níta. Mo fẹ́ dákẹ́. Ó ní kí n má dákẹ́, kí n máa sọ ọ́ lọ. Mo ń sọ ọ́ lọ, ó pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé, ó ń gbọ́.